Akànṣẹ́ Tó Ń Wo Ẹnu Ọ̀nà

Ọjọ́ tí a sin bàbá àgbà mi, ọkùnrin tó di gbohùngbohùn mú pè wọ́n ní akíkanjú ọmọ Òkèrèwè, àdúgbò wa ní Ifẹ̀, ẹnì kan sì rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Mo yíjú padà bí ẹni tó fẹ́ gé e jẹ. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹni tó bá ti dàgbà díẹ̀ ní Ifẹ̀ ló mọ̀ pé nínú ìjà tí Bàbá jà kẹ́yìn, ṣe ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ nínú ríìngì, wọ́n gba ẹnu ọ̀nà jáde, wọ́n sì fi ọmọkùnrin tí wọ́n ń bá jà sílẹ̀ láàárín gbọ̀ngàn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kò mọ ẹni tó máa gbá.

Ṣé lóòótọ́ ni Bàbá sá? Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ láti kékeré nìyẹn. Mo jà nílé ìwé nítorí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì máa ń ṣẹ́gun, torí èmi kì í wẹ̀yìn. Àmọ́ tí mo bá délé tí mo bi Bàbá fúnra wọn, wọ́n á wo òkè, wọ́n á wo ilẹ̀, wọ́n á ní, "Ó ti pẹ́."

Bàbá tóbi. Ìpele àwọn tó wúwo jù ni wọ́n ti ń jà, wọn ò sì fi ìwúwo náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ìjà sílẹ̀. Tí wọ́n bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó wà ní ìkángun kejì á rọra dìde díẹ̀. Nígbà ọ̀dọ́ wọn, Kìnnìún Òkèrèwè ni àwọn èèyàn ń pè wọ́n. Màmá, ìyá àgbà mi, sọ fún mi pé ẹni tí ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún Bàbá bá bà nígbà yẹn, orúkọ ìyá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ béèrè kó tó béèrè omi. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi máa bí mi, orúkọ ti yí padà. Mò-ń-bọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe Kìnnìún, torí pé nínú ríìngì, ìgbà gbogbo ni ẹ̀ṣẹ́ náà ń bọ̀, kì í sì í dé.

Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ Bàbá lára tó àfi tí ẹ bá bá wọn gbé. Ẹ wo tẹlifóònù, fún àpẹẹrẹ. Tí fóònù wọn bá dún, wọn kì í gbé e. Wọ́n á gbé e sórí tábìlì, wọ́n á sún àga sẹ́yìn, wọ́n á máa wò ó. Yóò dún títí, yóò dákẹ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ wọn tó wà l'Ékòó á máa rò pé wọ́n ti kú. Ìgbà tí ẹni tó ń pè bá ti sú pátápátá, tó ti jáwọ́, ìgbà yẹn ni Bàbá máa wá pe ẹni náà padà pẹ̀lú ohùn ẹni tó borí. Nígbà tí mo bínú sí wọn lórí rẹ̀, wọ́n ní, "Jẹ́ kó kọ́kọ́ rẹ̀ ẹ́ ná."

Tàbí ọ̀nà Mayfair. Ibẹ̀ ni mo ti ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe, Bàbá sì máa ń wá kí mi ní ọ̀sán. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní òdì kejì títì. Èmi á máa wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Wọ́n á gbé ẹsẹ̀ kan sínú títì, wọ́n á dá a padà. Wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì sókè díẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n, wọ́n á rìn sápá ọ̀tún, wọ́n á rìn sápá òsì, lórí ìdúró kan náà. Lọ́jọ́ kan, ọlọ́kadà kan dúró fún wọn pátápátá, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní, "Bàbá, ẹ máa kọjá."

"Ìwọ kọ́kọ́ kọjá."

"Ẹ̀yin ni mo dúró dè, Bàbá!"

"Dídúró tí o dúró yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú," ni Bàbá dá a lóhùn, wọ́n sì padà sílé láìrí mi.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn pátápátá ni tiwọn, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n sì máa ń jókòó sí, kí ojú kan lè wà lára àlùfáà, kí èkejì wà lára ilẹ̀kùn. Bí wọ́n ṣe ń jẹun nílé náà nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ya fọ́tò ìgbéyàwó gbogbo ọmọ wọn nìyẹn, Bàbá kò wo kámẹ́rà nínú ẹyọ kan. Àlùfáà ìjọ wa, tó jẹ́ ọ̀dọ́mọdé tó sì fẹ́ràn ìbéèrè, bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá ní, "Ẹni tó ń wọlé ni mò ń wò, sà. Mi ò fẹ́ kí ó bá mi lójijì."

Ẹni tó bá wọn lójijì yẹn ni mo fẹ́ sọ báyìí, torí láìsí i, Kìnnìún ì bá má di Mò-ń-bọ̀.

Alàájì Kàrímù ni bàbá Màmá. Ọmọ Ìwó ni wọ́n, Ifẹ̀ ni wọ́n tẹ̀dó sí, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, àmọ́ wọ́n ní nǹkan kan: wọn kì í kánjú dáhùn ìkíni. Ẹni tó bá kí Alàájì ti fi nǹkan mìíràn sílẹ̀ fún ọjọ́ náà. Wọ́n á béèrè ilé, wọ́n á béèrè ọ̀nà, wọ́n á béèrè ẹran ọ̀sìn, wọ́n á wá ṣàdúrà. Ọmọ Áńgílíkà tí Bàbá jẹ́ kò da Alàájì láàmú rárá, onígbàgbọ́ pọ̀ nínú ẹbí wọn. Ẹ̀ṣẹ́ ló ń dà wọ́n láàmú. Nígbà tí Bàbá ń fẹ́ Màmá sọ́nà, Alàájì sọ fún Màmá pé ẹni tó ń luni jẹun ò lè ní ẹ̀kọ́ ilé, pé àwọn fúnra àwọn máa lọ wò ó.

Ìjà bẹ́líìtì ni ọjọ́ náà. Ọkùnrin ará Ìbàdàn kan tí wọ́n ń pè ní Jímọ́ọ̀ Irin ni Bàbá ń bá jà, ó sì ti rẹ Jímọ́ọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ síbi tí kò rán an. Bàbá gbé ọ̀tún sókè kí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ṣí, fìlà funfun wọlé, Bàbá sì rí ojú àna wọn. Bàbá ní ọpọlọ àwọn ò tíì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àyà àwọn ti wà nílẹ̀. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀ṣẹ́ tí Jímọ́ọ̀ ń jù bọ̀ gba orí wọn kọjá, ó gbá afẹ́fẹ́.

"Ẹ káàsán, sà!" ni Bàbá kígbe láti ilẹ̀.

Rẹfirí rí èèyàn nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà dé mẹ́wàá; tí ẹni tó wà nílẹ̀ ò bá dìde kó tó kà á tán, ó ti pàdánù. Kí ló tún fẹ́ ṣe?

Alàájì kì í dáhùn láti òkèèrè. Wọ́n rìn wá títí dé ẹ̀bá ríìngì, wọ́n tún fìlà ṣe. "Àlááfíà fún ọ, ọmọ mi. Ilé ńkọ́?"

"A dúpẹ́, sà."

"Tú!" ni rẹfirí wí.

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, sà. Wọ́n ní kí n kí yín."

"Fọ́ọ̀!"

"Ìyá rẹ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́?"

Kóòṣì tó ń kọ́ Bàbá ní ẹ̀ṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gun okùn. "Dìde! Ìwọ ọkùnrin yìí, dìde ńlẹ̀!"

"Kóòṣì," ni Bàbá wí, ojú wọn ṣì wà nílẹ̀, "wọn ò tíì ní kí n dìde."

Alàájì wá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń ṣàdúrà pé kí Ọlọ́run fún un ní ìṣẹ́gun lórí gbogbo ọ̀tá rẹ̀. Bàbá ṣe àmín. Rẹfirí ní tẹ́ẹ̀nì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Alàájì ní, "Dìde, ọmọ mi."

Ìdajì àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn, ibi tí wọ́n jókòó sí kò jẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹ̀ṣẹ́ Jímọ́ọ̀ kò ba Bàbá. Títí di òní, wọ́n ń sọ pé ẹ̀ṣẹ́ náà dára. Jímọ́ọ̀ gbé bẹ́líìtì lọ sí Ìbàdàn, Bàbá sì gbé Màmá. Alàájì ló sọ ọ́ níbi ìdána: "Ẹni tó lè sọ bẹ́líìtì nù nítorí ìkíni kò ní lu ọmọ mi."

Òótọ́ ni, wọn ò lù ú rí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé láti ọjọ́ náà, wọn ò lè lu ẹlòmíì náà mọ́. Èrò kan wọ inú Bàbá bí yanrìn ṣe ń wọ bàtà. Wọ́n ní, "Bí mo bá lè wà nílẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan bà mí, kí ló máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá bà mí?" Kò sí ẹni tó rí èsì fọ̀ fún wọn. Kóòṣì gbìyànjú, Màmá gbìyànjú. Èmi náà gbìyànjú nígbà tí mo dàgbà, mo sì rí i pé tí èèyàn bá rò ó fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀rù á bẹ̀rẹ̀ sí í ba òun náà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó ju ẹ̀ṣẹ́. Kí wọ́n tó wò ó tán, ẹni tí wọ́n fẹ́ gbá ti kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ òsì dé. Ẹ̀ṣẹ́ òsì ni akànṣẹ́ fi ń wá ọ̀nà fún ọ̀tún, gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ Bàbá jí lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn ò lè máa na ọwọ́ òsì sí ẹni tó ju àwọn lọ. Bí wọ́n ṣe ń béèrè ọjọ́ orí nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wọn ìwúwo wọn, Bàbá á rọra sún mọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ bá jà, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọdún wo ni wọ́n bí yín?" Ọ̀rọ̀ tàn ká. Akànṣẹ́ ará Ẹdẹ kan, ọmọdé lásán, parọ́ pé òun ti fẹ́ ní ọmọ-ọmọ. Bàbá fi gbogbo ìjà náà yẹ ẹ́, wọ́n sì ń fi 'ẹ' bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí ọwọ́ wọn ṣèèṣì bà á nímú, wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n ní, "Ẹ má bínú, sà." Kóòṣì jókòó sílẹ̀ ní igun, ó káwọ́ lérí. Ó ní, "Akànṣẹ́ ni mo ní kí wọ́n fún mi. Ọmọlúàbí ni wọ́n fún mi."

Àwa Yorùbá máa ń pe akànṣẹ́ ní abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò. Ti Bàbá, ó ń ṣú ni, kò rọ̀. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbé ẹ̀pà wá síbi ìjà wọn. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín sí i, mo ṣì ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ èyí. Àmọ́ Màmá sọ pé ní àárọ̀ ọjọ́ kan, òun bá Bàbá nínú yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n gbé tìmùtìmù kọ́ ara ògiri, wọ́n ń ju ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún sí i, òwú sì ti kún ilẹ̀. Wọ́n jókòó sínú òwú náà. Wọ́n ní, "Rábíátù, ẹ̀ṣẹ́ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Èmi ni mi ò sí níbẹ̀ mọ́." Ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju pé kí wọ́n tún ju ọ̀tún kan láìwo ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan péré.

Èyí kò sọ pé Bàbá àti Màmá kì í jà. Wọ́n ń jà lórí Alàájì títí Alàájì fi kú, wọ́n sì ń bá a lọ lẹ́yìn náà. Màmá á ní, "Ó yẹ kí o dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ lọ́jọ́ náà! Bàbá mi ò ní bínú." Bàbá ò ní jiyàn. Ṣe ni wọ́n á dìde, wọ́n á máa yí tábìlì ká, Màmá á máa tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀, apá ọ̀tún, apá òsì, títí Màmá á fi jókòó, tí èémí ò ní í tó wọn. Bàbá á wá jókòó ti Màmá, wọ́n á ní, "Ó ti rẹ̀ ọ́?" Bí ìjà wọn ṣe ń parí nìyẹn, ẹ̀rín sì ni Màmá máa ń fi parí rẹ̀.

Ó wá ku ìjà ìkẹyìn. Àwọn tó ń ṣètò ìjà ti sọ fún Kóòṣì pé tí Mò-ń-bọ̀ ò bá ja ìjà gidi lọ́tẹ̀ yìí, kó máa lọ sílé. Kóòṣì ronú, ó rí ọgbọ́n kan dá: kò gbọdọ̀ sí àgbàlagbà kankan nínú gbọ̀ngàn. Ó fi ọkùnrin méjì tó sígbọnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n dá ẹnikẹ́ni tó bá ní irun funfun padà. Wọ́n dá àwọn ìjòyè padà. Wọ́n dá ọkùnrin kan tó tètè hewú padà, tó ń bú wọn, tó ń fi káàdì ọjọ́ orí hàn wọ́n. Rẹfirí gan-an ní láti kun irun rẹ̀ dúdú kí wọ́n tó gbà á wọlé, òógùn sì ń gbé dúdú náà bọ́ sí i lójú. Wọ́n wá mú Tàjú, ọmọdékùnrin kan láti Modákẹ́kẹ́, kó bá Bàbá jà. Ó kéré débi pé kò sí ìdí láti béèrè ọjọ́ orí.

Bàbá sì jà. Ẹni tó fẹ́ràn wọn àti ẹni tí kò fẹ́ràn wọn ló jẹ́rìí sí i. Kìnnìún padà dé fún bíi ráùndì méjì. Àfi bí wọ́n ṣe sọ ọwọ́ kalẹ̀ lójijì, tí wọ́n gba abẹ́ okùn jáde, tí wọ́n sì bọ́ síta. Ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í fò, àwọn èèyàn ń sá, rẹfirí kà á tán, ó gbé ọwọ́ Tàjú sókè. Láti ọjọ́ náà ni ìlú ti ń sọ pé ó sá. Bàbá lọ ń wọn kòkó ní ilé ìtajà kan, wọn ò sì tún wọ ríìngì mọ́.

Bàbá kú nígbà òjò tó kọjá. Dókítà ti sọ pé kò ní pẹ́, àwọn ọmọ sì sáré wá láti ibi gbogbo, àmọ́ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ikú bí wọ́n ṣe ń yẹ ọlọ́kadà. Àwọn ọmọ padà síbi iṣẹ́, wọ́n tún sáré wá, wọ́n tún padà. Èmi ni mo wà níbẹ̀ nígbà tí ó ṣẹlẹ̀. Àárò wọn ń sọ mí títí di báyìí, ó ń dùn mí gan-an, mi ò ní fi àwàdà bò ó. Ojú wọn wà lára ilẹ̀kùn.

Nígbà tí èrò ti ń túká lọ́jọ́ ìsìnkú, bàbá arúgbó kan wọ pálọ̀ wá kí Màmá. Wọ́n ní àwọn ni Tàjú. Wọ́n jókòó, wọn ò fọwọ́ kan oúnjẹ, wọ́n ní àwọn ní ọ̀rọ̀ tí àwọn ti gbé kiri tipẹ́.

"Bàbá yín ń lù mí lọ́jọ́ náà," ni wọ́n sọ fún mi. "Mo rí ọ̀tún yẹn tó ń bọ̀, mo ti di ojú. Ni a bá gbọ́ ohùn lẹ́nu ọ̀nà: 'Bàbá, ẹ padà, a ò gba arúgbó lónìí.' Ohùn bàbá tó bí mi lọ́mọ ló dáhùn, ó ní, 'Ọmọ mi ló ń jà níbẹ̀. Oko ni mo ti ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n kàn fojú kàn án.' Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ṣe rí nígbà yẹn. Àwọn aṣọ́nà mọ ibi tó ti wá nínú ohùn rẹ̀, wọ́n tì í. A gbọ́ bí agbọ̀n ọsàn rẹ̀ ṣe dà nù. Mo la ojú, mi ò rí bàbá yín mọ́."

Màmá sún síwájú lórí àga.

"Bàbá mi ló ròyìn ìyókù. Ó ní òun rí òmìrán kan tó jáde pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ìjà lọ́wọ́, tó dọ̀bálẹ̀ fún òun nínú eruku, tó sì ń gbìyànjú láti ṣa ọsàn òun. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń fi ìbọ̀wọ́ ìjà ṣa ọsàn! Ó ń mú ọ̀kan, méjì ń bọ́. Ọ̀kan nínú àwọn aṣọ́nà yẹn wá sọ pé kí ó fi arúgbó náà sílẹ̀, ó tún fẹ́ ti bàbá mi lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà náà ni bàbá yín dìde. Ọ̀tún kan ni, Màmá. Ẹyọ kan. Aṣọ́nà náà jókòó sínú gọ́tà, ẹnì kejì rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣa ọsàn."

Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni látìgbà yẹn. Wọ́n ní àwọn wá bá Bàbá nílé lọ́jọ́ kejì, pé àwọn fẹ́ dá ìṣẹ́gun náà padà, Bàbá sì kọ̀. Bàbá sọ fún wọn pé, "Orúkọ tìrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, èmi ti lo tèmi. Tí mo bá ti lọ, kí o tó wí i."

Mo bú sẹ́kún níbẹ̀. Mo ti rò pé ẹkún mi ti tán ní sàréè. Nígbà tí mo wo Màmá, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín, omi sì ń dà lójú wọn.

"Mo bú u lálẹ́ ọjọ́ náà," ni Màmá wí. "Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wú, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ọmọdé. Ó ní, 'Rábíátù, mo jù ú!' Mo ní, 'Kí lo jù? Ṣebí wọ́n ní o sá. Ṣé o tún ń wo ẹnu ọ̀nà ni?' Èsì tó fọ̀ fún mi, mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni, mi ò sì bi í mọ́. Ó ní, 'Mi ò wo ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà.'"